Káàdì 32GB kún, orin méjì ló wà lórí rẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ń gba orin ẹgbẹ́ akọrin wa sílẹ̀, ni ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ oní-tíráàkì mẹ́jọ mi (ó ń gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) bá kọ̀ jálẹ̀: "Card Full," ìyẹn ni pé káàdì tó ń kó orin sí ti kún. Orin méjì péré ni mo rí lórí káàdì náà. Ọ̀gá akọrin ń wò mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Mo kọ́kọ́ rò pé káàdì ti bàjẹ́. Rárá o. Nígbà tí mo ti káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà Mac mi, tí mo tẹ bọ́tìnì Command, Shift àti àmì ìdánudúró (.) pọ̀ kí fáìlì tó fara pamọ́ lè yọjú, mo rí fódà kan, .Trashes. Gbogbo orin tí mo ti "pa rẹ́" láti orí Mac ló kó síbẹ̀! Tí ẹ bá pa fáìlì orí káàdì rẹ́ báyẹn, orí káàdì náà ló ṣì wà títí ẹ ó fi da Trash, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí Mac, nù. Ẹ̀rọ ò fi í hàn yín, àmọ́ ó ń gba àyè.

Mo da Trash nù kí n tó yọ káàdì, àyè sì ṣí. Ní báyìí, tí mo bá ti da orin kọ sí ibi méjì, inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣe format, ìyẹn ni pé mo ń nu káàdì náà mọ́ pátápátá.

Mo tún jókòó ṣírò: fáìlì ohùn WAV tí a gbà ní 24-bit, 48kHz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe dára tó), tíráàkì kan ń jẹ nǹkan bíi 8.6MB ní ìṣẹ́jú kan. Tíráàkì mẹ́jọ fún wákàtí kan, ó lé ní 4GB. Èmi náà sì ń fi mẹ́jọ gba ìdánrawò lásán! Tíráàkì méjì ti tó fún ìdánrawò.