Bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ gbalasa tó ti lọ tó ti bọ̀ ṣe, kí èèyàn tó tún wọ̀ ọ́

Ní Ọ̀yọ́ níbí, bí wọ́n bá gbé dùndún tó ti bẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ìlù, awọ tuntun kọ́ ló máa kọ́kọ́ mú. Á tú ọṣán, á bọ́ awọ tó ti gbó sílẹ̀, á wá gbé igi náà sétí, á máa fi ìka kàn án yí ká. Bí igi bá ti sán níbì kan, etí á sọ fún un. Igi ìlù lè ti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n awọ kì í bá wọn dé bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sí ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú.

Ọkọ̀ Dragon ti ilé-iṣẹ́ SpaceX ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Èyí tí wọ́n sọ ní Endeavour gbé èèyàn 2 lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Wọ́n tún un ṣe, ó sì gbé èèyàn 4 lọ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2021. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Orí omi òkun ni ọkọ̀ yìí ń bọ̀ sí tó bá ń bọ̀ wálé, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ afẹ́fẹ́ àyíká ọkọ̀ náà wò. Epo méjì tí ọkọ̀ yìí fi ń darí ara rẹ̀ lókè, tí wọ́n bá ti kan ara wọn báyìí, iná ni, kò nílò ìṣáná. Májèlé sì ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí Endeavour kọ́kọ́ bọ̀ wálé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ẹ̀rọ gbọ́ òórùn epo náà níta. Àwọn èèyàn 2 tó wà nínú ọkọ̀ ní láti jókòó dúró títí ó fi lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ká fa epo tó ṣẹ́ kù jáde, ká sì fọ iyọ̀ òkun kúrò lára ọkọ̀, torí iyọ̀ kì í bá irin ṣọ̀rẹ́.

Ó kan ká ya ohun tó máa padà lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò ní padà. Apá ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ̀rọ tó ń gba iná oòrùn wà, wọ́n ti jù ú nù lókè kí ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, òmíràn ni wọ́n máa ṣe. Páráṣúùtì tuntun ni wọ́n fi sí Endeavour fún ìrìn àjò ọdún 2021: kékeré 2, ńlá 4. Wọ́n pààrọ̀ àwọn fáàfù kan àti ara ohun tó ń dènà ooru. Apata tó ń dènà ooru nídìí ọkọ̀ ni mo máa ń fi wé awọ ìlù. Ooru tó ju 1,600°C lọ ló ń kojú nígbà tí ọkọ̀ bá ń wọ inú afẹ́fẹ́ ayé padà. Ṣe ló ń jó díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń jó kúrò lára rẹ̀ ló sì ń gbé ooru lọ. Ohun tó ń fi ara rẹ̀ rúbọ báyìí, a ò lè kàn wò ó lójú ká ní ó ṣì dára.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì tó èyí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Dragon mìíràn tí wọ́n ń pè ní Resilience gbé èèyàn 4 lọ, ó gbé wọn bọ̀, àlàáfíà ni. Ìgbà tí wọ́n tú u ni wọ́n rí i pé páìpù ìtọ̀ ti já níbi tí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ ẹ́, ìtọ̀ sì ti ṣàn sábẹ́ ilẹ̀. Endeavour ṣì wà lókè nígbà náà, wọ́n ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ yẹ tiwọn wò: ìtọ̀ náà ni. Wọ́n rẹ álúmínọ́ọ̀mù sínú ìtọ̀ tó ní kẹ́míkà ilé ìtọ̀ nínú láti mọ̀ bóyá ó máa jẹ ara ọkọ̀. Kò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìlédìí làwọn èèyàn náà wọ̀ bọ̀ wálé. Wọ́n sì jó páìpù ọkọ̀ yòókù pọ̀ bí àwọn jórinjórin ṣe ń ṣe, gọ́ọ̀mù ò sí níbẹ̀ mọ́.

Tí a bá ti tò ó padà, ká dán ẹ̀rọ wò lórí ilẹ̀, níbi tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Dragon kan lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2019 láìsí èèyàn nínú rẹ̀, ó sì bọ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, wọ́n ń dán ẹ̀rọ ìsásálà rẹ̀ wò, èyí tó ń gbé ọkọ̀ sá kúrò lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì bí ewu bá dé, ó bú gbàù. Epo díẹ̀ ló ti jò gba fáàfù kan kọjá sínú páìpù tí kò yẹ kí epo dé. Ọkọ̀ tó bọ̀ láyọ̀ ni o! Bẹ́ẹ̀ náà ni Challenger àti Columbia, ọkọ̀ àtijọ́ ti NASA, àjọ gbalasa ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Challenger lọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó tó pa èèyàn 7 ní ọdún 1986. Ìrìn àjò 27 ni Columbia ti lọ tó bọ̀, ìkejìdínlọ́gbọ̀n ló pa èèyàn 7 ní ọdún 2003.

Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n á gbé ọkọ̀ ka orí rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì 9 rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìjẹ́ kó gbéra. Àwọn tó ń lọ á ti ya ara wọn sọ́tọ̀ bí ọ̀sẹ̀ 2, kí òtútù tàbí ikọ́ má bàa bá wọn lọ.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, èèyàn á kọ́kọ́ jókòó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á wò bóyá ó ń jò. Tó bá ku ìṣẹ́jú 37 kó gbéra, wọ́n á tan ẹ̀rọ ìsásálà sílẹ̀. Tó bá ku 35, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2023, Endeavour dé ibẹ̀ fún ìgbà kẹrin. Ó ku ìṣẹ́jú 2 àti díẹ̀ kó gbéra, wọ́n ní kó dúró: ohun olómi tó ń tanná sí ẹ́ńjìnnì kò ṣàn bó ṣe yẹ. Wọ́n fa epo jáde, èèyàn 4 sọ̀ kalẹ̀. Asẹ́ kan ló dí, lára ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ asẹ́ náà, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn gba inú páìpù, ọkọ̀ sì gbéra ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta.