Iná atọ́ka lórí páwà sọ́pláì àfọwọ́ṣe: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fi ọwọ́ ara mi to páwà sọ́pláì kan (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná) tí mo fi ń dán àwọn rédíò tí mo bá tún ṣe wò. Tiransifọ́mà 220 fóltì sí 12 fóltì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú dáyóòdù 1N4007 mẹ́rin tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kapásítọ̀ ńlá kan tó ń tọ́jú iná pamọ́ (2200 µF, 25 V), àti LM317 tí mo fi ń yí iná rẹ̀ láti 1.25 fóltì dé bíi 12. Mo fẹ́ fi LED pupa (iná atọ́ka kékeré) sí i lára kí n lè máa mọ ìgbà tí ó bá wà lórí iná. Èyí tí mo kọ́kọ́ so mọ́ ẹnu ìjáde rẹ̀ tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Kí ló pa á?

Ìdáhùn: Kọ́rẹ́ǹtì tí kò rí ohun tí yóò dá a dúró ló pa á. LED pupa kò nílò ju bíi 2 fóltì lọ. Bí iná bá fi díẹ̀ kọjá ìyẹn, kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú rẹ̀ á ga lójijì, bẹ́ẹ̀ ni 20 mílíáńpù sì ni òpin ohun tí ọ̀pọ̀ LED kékeré lè gbà. Rẹsísítọ̀, ohun tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù, gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ yọ 2 fóltì ti LED kúrò nínú iná tí ẹ ní, kí ẹ sì pín ohun tó kù fún kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ fẹ́. Ní 12 fóltì, 10 ló kù. Bí ẹ bá pín in fún 0.01 áńpù, 1000 óòmù ni yóò fún yín, ìyẹn 1k. Ẹsẹ̀ LED tó gùn ni ẹ óò so mọ́ pọ́sítíìfù. Bí ẹ bá ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ìka tọ́ etí rẹ̀ yíká, ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ìhà nẹ́gẹ́tíìfù.

Ìbéèrè: Mo ti fi 1k sí i, ó sì ń tàn dáadáa ní 12 fóltì. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí i wálẹ̀ sí 3, ó máa ń ṣókùnkùn, bí mo bá sì yí i kọjá 2 sísàlẹ̀, ó máa ń kú bí ẹni pé mo ti pa ẹ̀rọ náà. Ṣé kí n dín rẹsísítọ̀ náà kù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dín in kù, nítorí LED tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún 3 fóltì yóò jó ní ọjọ́ tí ẹ bá yí iná padà sí 12. Ibi tí ẹ so ó mọ́ ni kò tọ́. Iná atọ́ka kò lè sọ ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú ibi tí a so ó mọ́ lọ. Ní ẹnu ìjáde, bí fóltì tí ẹ yàn ṣe pọ̀ tó ló ń sọ fún yín, kì í ṣe bóyá ẹ̀rọ náà wà lórí iná. Ẹ tú u kúrò níbẹ̀, kí ẹ so òun àti rẹsísítọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀ ńlá náà, kí iná tó dé ọ̀dọ̀ LM317.

Ẹ óò tún ìṣirò ṣe o, nítorí iná ibẹ̀ ju 12 lọ. Fóltì 12 tó ń jáde láti inú tiransifọ́mà máa ń di bíi 17 nínú kapásítọ̀. Bí a bá yọ 1.4 tí méjì nínú dáyóòdù mẹ́rin náà, èyí tí iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ń jẹ, ó ku 15.6, nígbà tí kò bá sì sí ohun tó ń lo iná náà, mítà yín lè kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pè é ní 16, 1.5k yóò jẹ́ kí bíi 9 mílíáńpù kọjá. Ní tèmi, 2.2k ni mo fẹ́ràn, èyí tí ìlà pupa mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn lára rẹ̀, nítorí pé 6 mílíáńpù tó láti rí LED náà nínú ilé láìgún ojú.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé. Bí wáyà ẹnu ìjáde méjèèjì bá fara kan ara wọn, LM317 máa ń dá ara rẹ̀ dúró, LED orí kapásítọ̀ á ṣì máa tàn, kò sì ní sí iná tó ṣe é lò ní ẹnu ìjáde. Mítà ni ẹ óò fi mọ ìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n kúkú so LED náà mọ́ 220 níbi tí iná ti ń wọlé.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. 1k lórí 220 fóltì yóò máa jẹ nǹkan bíi 48 wáàtì, yóò jó kí ẹ tó yọ ọwọ́, iná ibẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ àmì níbẹ̀, ẹ ra iná atọ́ka oní-néónì tí wọ́n kọ 220 tàbí 240 sí lára, tí rẹsísítọ̀ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti pa súìṣì, LED náà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ṣé ó bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Iná tó kù nínú kapásítọ̀ ló ń jẹ tán, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ó kù ọ̀kan. Mo fi ẹ̀rọ náà ń cháàjì bátìrì 6 fóltì tó wà nínú fáànù. Nígbà tí NẸPA mú iná lọ, LED náà kò kú títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n ó kàn ń tàn fírífírí ni.

Ìdáhùn: Bátìrì yín ló ń tàn án. Iná ń gba inú LM317 padà sẹ́yìn láti ẹnu ìjáde dé ọ̀dọ̀ kapásítọ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó sì ń dé ọ̀dọ̀ LED kò ju 1 sí 2 mílíáńpù lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bátìrì náà á tán díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì ṣe LM317 fún kí iná máa gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì (òjé) jó dáyóòdù 1N4007 kan mọ́ ojú wáyà pọ́sítíìfù ìjáde, kí òrùka fàdákà ara rẹ̀ kọjú sí ìhà bátìrì, bí kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ fi ń cháàjì kò bá ju 1 áńpù lọ. Dáyóòdù náà yóò jẹ bíi 0.7 fóltì, nítorí náà ẹ yí iná sókè díẹ̀ láti dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kí bátìrì ṣì wà níbẹ̀. Bí LED bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìṣòro náà ti tán.