Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Inú Ilé Ṣe Orin Apanilẹ́rìn-ín Fún Àwọn Ọmọdé

Ẹran márùn-ún ni mo kà sínú ìkòkò ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé wa l'Abẹ́òkúta. Ni iná bá lọ. Kí a tó rí tọ́ọ̀ṣì tàn, ẹran ti ku mẹ́rin. Mo bi àwọn ọmọ pé ta ló jẹ ẹran. Àkọ́bí ní, "Èmi kọ́." Èkejì ní, "Èmi kọ́." Àbíkẹ́yìn ò la ẹnu rárá, imú ló fi dáhùn: "Mm-mm-mm." Síbẹ̀ gbogbo wa gbọ́ ohun tó sọ ketekete, nítorí pé ohùn imú yẹn gbéra láti ìsàlẹ̀, ó gba àárín kọjá, ó sì parí sókè, gẹ́gẹ́ bí "èmi kọ́" ṣe máa ń dún. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kí a tó jẹun tán, ó ti di orin.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe orin pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé wa àti ti àdúgbò. Ó wù mí kí ilé púpọ̀ sí i máa ṣe é. Kò dìgbà téèyàn bá mọ dùùrù tẹ̀. Etí ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ilé yín

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí wọ́n bá ń sọ tàbí tí wọ́n bá ń ṣe léraléra nínú ilé sínú rẹ̀. Ẹ má tíì wá àwàdà. Ohun tí ọmọ ti gbọ́ nígbà ogún ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín tó bá bá a pàdé nínú orin.

Díẹ̀ rèé nínú ti ilé wa. Bàtà ilé ìwé, tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ máa ń sọnù ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè. Omi ìwẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí ọmọ máa ń fi ìka ẹsẹ̀ kan tọ́ wò bí ẹni tó fẹ́ la odò Ògùn kọjá. Bàbá wọn tí wọ́n ń hanrun níwájú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan rìmóòtù, wọn á ní, "Mò ń wò ó!" Èmi náà wà níbẹ̀: mo máa ń sọ pé "mò ń bọ̀" nígbà tí mo bá ń lọ wo àdìrẹ n'Ítòkú, ilẹ̀ á sì ṣú kí n tó dé. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ló bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó ń lọ fi ń sọ pé òun ń bọ̀. Ìbéèrè yẹn nìkan tó orin.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, ẹyọ kan péré ni kí ẹ mú. Bàtà ò gbọdọ̀ bá ìhanrun pàdé nínú orin kan náà.

Ẹ jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ darí orin

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í dé lásán, ó máa ń gbé ohùn tirẹ̀ dání: ìsàlẹ̀, àárín, òkè, dò, re, mí. Ẹ fi orúkọ ibi tí ẹsẹ̀ wa mọ̀ dán an wò. Aké: re mí. Kútọ̀: mí dò. Ìtòkú: dò dò mí. Olúmọ: re mí re. Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀: re mí dò mí re. Ẹ pè wọ́n tẹ̀ léra, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, láìsáré. Orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Èmi kọ́" tí àbíkẹ́yìn wa fi imú sọ, dò re mí ni, kò sí àbùlà kankan níbẹ̀.

Mi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo mú ohùn orin òyìnbó kan tí mo ti mọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, mo sì ki ọ̀rọ̀ tiwa bọ inú rẹ̀: "Bàbá ń ti ọkọ̀", torí pé ọkọ̀ wa nígbà náà kì í jí láàárọ̀ bí a ò bá tì í. Ṣùgbọ́n ohùn orin yẹn gòkè níparí. Màmá, ìyá ọkọ mi, gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, wọ́n bi wá pé, "Ọkọ́ wo lẹ ń tì?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ohùn bá gòkè níparí, irinṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Bó bá dúró lójú kan, ọkọ ìyàwó ni. Àfi kó sọ̀kalẹ̀ kí Bàbá tó lè máa ti ọkọ̀. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àṣìgbọ́ ni, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín á sì ti bọ́ sọnù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun n'Ílẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìjọsìn sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì yí padà lẹ́nu àwọn tó ń kọrin. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tó wá ń ṣe orin ìjọsìn tó ń tẹ̀ lé bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1922, iléeṣẹ́ Zonophone gba ohùn wọn sínú àwo orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó yẹ orin ìjọsìn yẹ orin ẹran ọbẹ̀ náà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Màá sọ gbólóhùn náà bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ gan-an. Lẹ́yìn náà màá pa ẹnu dé, màá fi imú sọ ọ́, bí gángan ṣe máa ń fi awọ sọ̀rọ̀. Màá tún un ṣe, màá fà á gùn díẹ̀ síbi tí fáwẹ́ẹ̀lì bá ti gùn. Ohun tó bá jáde ni mo máa ń mú. Kò pọn dandan kí gbogbo dò wà lójú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin á sú ọmọ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kí orin gòkè, níbi tó bá ti wálẹ̀, kí orin wálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe é dáadáa, ẹ fi imú kọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Bó bá mọ̀ ju ìdajì lọ, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ fún ọmọ ní ègbè

Ọmọdé kò fẹ́ jókòó gbọ́ orin, inú rẹ̀ ló fẹ́ wà. Àwọn tó ń pa àlọ́ fún wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí orin inú àlọ́ fi máa ń ní lílé àti ègbè. Ẹ jẹ́ kí ègbè kúrú, kó má ju ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ọmọ ọdún mẹ́ta lè gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orin tí a fi jígí ojú Màmá ṣe rèé:

Lílé: Màmá ń wá jígí o
Ègbè: Jígí dà?
Lílé: Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì
Ègbè: Jígí dà?
Lílé: Wọ́n ṣí ìkòkò wò
Ègbè: Jígí dà?
Lílé: Wọ́n bi adìyẹ léèrè
Ègbè: Jígí dà?
Lílé: Adìyẹ ní, "Ẹ fọwọ́ kan orí!"

Níbẹ̀ gbogbo ọmọ á gbé ọwọ́ lé orí ara wọn, ariwo á sì sọ. Ẹ wo bí ẹ̀rín ṣe ń gòkè: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣeé ṣe, ìkòkò ọbẹ̀ ti ń yani lẹ́nu, adìyẹ ò ṣeé gbà gbọ́ mọ́. Ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú òtítọ́. Bí adìyẹ bá kọ́kọ́ wọlé, kò ní sí ibi tí orin máa lọ mọ́.

Ti ẹran, eré kíkà ni a sọ ọ́ dà. "Ẹran márùn-ún la sè," ègbè á ní, "Ó ku mẹ́rin!" Olórí orin á bi ọmọ kan pé, "Ta ló jẹ ẹ́?" ọmọ náà á ní, "Èmi kọ́!" Báyìí la ó máa dín in títí á fi tán. Ẹni tó bá kàn kẹ́yìn gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ẹni tí ẹran kún ẹnu rẹ̀, kó sì fi imú dáhùn. Àwọn ọmọ kékeré ilé wa ti fi orin yìí mọ bí a ṣe ń ka nǹkan sẹ́yìn.

Ẹni tí à ń fi ṣe ẹ̀rín

Ẹ ó ti rí i pé "wọ́n" ni orin pe Màmá, kì í ṣe "ó". Ẹ má jẹ́ kí dídùn orin gba ọ̀wọ̀ lẹ́nu ọmọ. Mo sì rò pé "wọ́n" yẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn: àgbàlagbà tí à ń bọ̀wọ̀ fún, tí wọ́n ń bi adìyẹ léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí orin dá lé lórí, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo ti fi ọmọ kan tó ń tọ̀ sórí ẹní ṣe orin rí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun nìkan ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá lọ, ó da aṣọ borí. Mo bẹ̀ ẹ́, a ò sì kọ orin náà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tí ènìyàn ṣe tó sì ti kọjá, ẹ lè fi kọrin. Ohun tí apá ẹni náà kò ká, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìlù

Èyí ò le. Àtẹ́wọ́ tó láti bẹ̀rẹ̀. Agolo mílíìkì òfìfo àti ṣíbí á ṣe iṣẹ́ agogo. Ike omi tí ẹ da àgbàdo gbígbẹ ìkúnwọ́ kan sí á ṣe ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ dé e pinpin. Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa lu agolo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́

Ẹ kọ ọ́ fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ dákẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti gbàgbé, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti gùn jù, ẹ gé e. Ibi tí wọ́n bá ti yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ wò ó dáadáa, torí pé tiwọn sábà máa ń dára jù. Èmi kọ́ ni mo mú adìyẹ wọ inú orin jígí; ológbò ni mo fi síbẹ̀. Ọmọ kan ló ní ológbò á ti sá lọ, pé adìyẹ ló máa ń dúró gbọ́ Màmá.

Tó bá ti jókòó lẹ́nu wọn, ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ pa fáànù, kí ẹ dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sinmi. Ẹ gbé fóònù lé orí ìrọ̀rí ní àárín wọn, kí ẹ̀yin fúnra yín jìnnà sí i díẹ̀, kí ohùn àgbà má baà bo ti ọmọ. Bí ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín láàárín orin, ẹ má pa á rẹ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp, ẹ gbé e fún ẹni tó ni jígí, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ.