Bí mo ṣe kó màmá ọkọ mi láti Heathrow wọ àárín Lọ́ńdọ̀nù

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, màmá ọkọ mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, a ò sì ní mọ́tò, èmi ni mo bá lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Camberwell là ń gbé, ní gúúsù odò Thames. Kí n tó jáde nílé ni mo ti ń ro ọ̀nà tá a máa gbà padà, torí mo mọ̀ pé Màmá ò ní wá lọ́wọ́ òfo. Lóòótọ́, àpótí ńlá méjì ni wọ́n tì jáde, pẹ̀lú báàgì ìfàlọ́wọ́ kan àti Ghana-must-go tó kún fún èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí.

Ọ̀nà tówó rẹ̀ kéré jù nínú ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly. Lọ́dún 2025 yẹn, £5.80 ló ń gbà lọ́wọ́ àgbà kan láti Heathrow dé àárín ìlú, àárọ̀ ni o, alẹ́ ni o. Òun náà ni mo wọ̀ lọ pàdé wọn, torí ọwọ́ mi ṣófo. Tẹ́ ẹ bá dá nìkan rìn pẹ̀lú báàgì kan, ẹ má wulẹ̀ wo ibòmíì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1977 lọ́nà yìí ti dé Heathrow, àwọn ọkọ̀ tó ń ná an ti dàgbà, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ibùdó ló ń yà, ó sì lè tó wákàtí kan kẹ́ ẹ tó rí ibùdó King's Cross. Àárín ẹsẹ̀ lẹ máa há àpótí sí. Èyí tó wá burú jù fún àgbàlagbà ni pé ọ̀pọ̀ ibùdó rẹ̀ láàárín ìlú ni kò ní lífítì. Green Park ní, King's Cross ní, àmọ́ ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ síbòmíì lè máa gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn.

Heathrow Express, ọkọ̀ ojú irin míì, ló yá jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ó ti dé ibùdó Paddington, kì í dúró lọ́nà. £25 ni nígbà yẹn fún ẹni tó bá kàn dé tó wọ̀ ọ́. Owó yẹn máa ń wálẹ̀ dáadáa fún ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá tẹ̀ lé àgbà sì ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní tèmi o, mi ò rí ìdí tí n ó fi san £50 fún èèyàn méjì nígbà tó jẹ́ pé Paddington ló máa já wa sí, tá a tún máa wá ọkọ̀ míì wọ̀ níbẹ̀ tẹrùtẹrù. Ẹni tí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá wà ní Paddington ló dáa fún.

Mo wo Uber náà. £68 ló gbé wá lójú fóònù mi ní wákàtí yẹn, súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ ọjọ́rọ̀ sì ń dúró dè wá lójú ọ̀nà M4.

Elizabeth line, ọkọ̀ ojú irin kẹta, ni mo mú. £13.90 lẹ́nì kan ni nígbà yẹn lọ sí àárín ìlú, iye kan náà látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní amúlétutù, àyè wà tẹ́ ẹ lè ti àpótí sí, lífítì sì wà láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí dé títì ní gbogbo ibùdó rẹ̀ láàárín ìlú. Nígbà tí Màmá gbọ́ orúkọ ọkọ̀ náà, wọ́n bi mí bóyá Ọbabìnrin tó wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1956 náà ni. Mo ní òun ni mà, òun fúnra rẹ̀ ló wá síbi ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀ ní Paddington ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa àga wò.

Kò sídìí láti tò fún tíkẹ́ẹ̀tì, káàdì báńkì ti tó. Ṣùgbọ́n káàdì kan ò lè gbé èèyàn méjì kọjá géètì lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù mi ni mo fi san tèmi, mo wá kó káàdì gan-an lé Màmá lọ́wọ́. Àpò kan náà lowó ti ń jáde, àmọ́ ẹni méjì lẹ̀rọ kà wá sí. Ohun tẹ́ ẹ bá fi wọlé lẹ gbọ́dọ̀ fi jáde. Tẹ́ ẹ bá fi káàdì wọlé tẹ́ ẹ wá fi fóònù jáde, owó tó ga jù ni wọ́n máa yọ.

"Ìyàwó mi, ṣé àgbà bíi tèmi náà ń sanwó ni?"

"Ẹ máa san mà. Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ni wọ́n ń fún ní káàdì ọ̀fẹ́."

Wọ́n ní kò burú, wọ́n fi káàdì kan ibi roboto tó ní àwọ̀ ìyeyè, géètì ṣí, wọ́n sì ká káàdì náà mọ́ etí ìró, wọ́n ta á ní kókó méjì.

Ní ibùdó Terminal 2 àti 3, ẹ ṣọ́ra: ibi kan náà ni Heathrow Express àti Elizabeth line ti ń gbérò. Elizabeth line la wọ̀. Nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, a ti wà ní Tottenham Court Road. Ìdí géètì la ti wá pẹ́ díẹ̀, torí kókó yẹn ò tètè tú. Èrò ń tò sẹ́yìn wa, Màmá ń fi eyín tú ìró, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ká má kánjú. Géètì fífẹ̀ ló ní ká gbà, òun ló gba àpótí.

Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì 176 ló gbé wa dé Camberwell, £1.75 lẹ́nì kan. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kì í gba owó lọ́wọ́, káàdì yẹn náà la fi san. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £31.30 fáwa méjèèjì.

Ẹni tó bá balẹ̀ lóru kò ní rí Elizabeth line. Piccadilly ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ní òru ọjọ́ Ẹtì àti ti Àbámẹ́ta, bọ́ọ̀sì N9 sì ń lọ sí Aldwych ní gbogbo òru.

Nígbà tí Màmá bá ń padà sílé, takisí la máa pè. Heathrow ń gba owó lọ́wọ́ mọ́tò tó bá já èrò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì fi kún owó wa, àmọ́ bí Màmá ṣe ń rajà ní Primark yẹn, àpótí méjì ò ní gbà á mọ́.