Bí Ẹ Ṣe Máa Gbọ́ Ariwo Láptọ́ọ̀pù Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Tuntun Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ má ra láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ torí ìyìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má sì sá fún un torí èébú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ títú láptọ́ọ̀pù àti títún un ṣe ni mo ń ṣe ní Computer Village, n'Ìkẹjà. Ohun tí mo ń rí lórí tábìlì mi ni pé àbùkù táwọn èèyàn pariwo jù lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀rọ kì í sábà jẹ́ èyí tó máa gbé ẹ̀rọ ọ̀hún wá sọ́dọ̀ mi. Èyí tó máa gbé e wá, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀, ọ̀nà wà téèyàn lè gbà fetí sí ariwo náà kó sì rí nǹkan gidi mú níbẹ̀. Òun ni mo máa ń ṣàlàyé fáwọn àbúrò tó ń pè mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo èyí tó jáde lánàá, ṣé kí n dúró dè é ni?"

Ẹ mú ìwé àti bírò. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín àwọn àbùkù ibẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: èyí tí ayé máa bá mọ́ra láìpẹ́, èyí tí owó kékeré lè bá yín tán, àti èyí tí wọ́n ti dá mọ́ ẹ̀rọ náà lára. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tí ayé mọ̀ jù dán an wò. Lọ́jọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2008, ní San Francisco, Steve Jobs, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Apple nígbà yẹn, fa láptọ́ọ̀pù wọn tó ń jẹ́ MacBook Air yọ látinú àpò ìwé tí wọ́n fi ń kó fáìlì ọ́fíìsì. Ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.94, ibi tó fẹ́lẹ́ jù jẹ́ 0.4, kílò 1.36 sì ni gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Dọ́là 1,799 ni wọ́n ń tà á. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹnu yà wọ́n. Kò pẹ́ tí àròyé fi bẹ̀rẹ̀: kò síbi téèyàn máa ki CD sí, ihò USB kan ṣoṣo ló ní, kò ní ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn ò lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀, hard disk 80GB tó wà nínú rẹ̀ ń falẹ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tó bá fẹ́ SSD, ìyẹn ibi ìkó-fáìlì tó yára ju hard disk lọ, 64GB péré, á san dọ́là 3,098. RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, jẹ́ 2GB, òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ yẹn, bákan náà ni gbogbo àròyé yìí ń dún létí. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ti CD ti kú pátápátá. Ọmọ tó ń wọ yunifásítì lónìí ò ní béèrè ibi tí CD wà. Ti owó àti ti ihò USB, ilé-iṣẹ́ Apple fúnra wọn tún un ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2010: wọ́n gbé oní-íńṣì 11 jáde ní dọ́là 999, ihò USB rẹ̀ sì di méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ti 2008, 2GB tó bá wá látilé ló máa bá a lọ dópin. Kò sí ẹni tó lè fi kún un. Nínú gbogbo àròyé yẹn, èyí ló pa ẹ̀rọ ọ̀hún, torí nígbà tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ RAM púpọ̀, kò síbi tó máa sá sí.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé "kò ní ihò HDMI", èyí tí wọ́n fi ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ owó kékeré. Ohun tí wọ́n ń pè ní hub, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ihò kan di púpọ̀, máa yanjú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé "8GB ni RAM, wọ́n sì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù", ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá 8GB á tó yín fún ọdún márùn-ún sí i. Tí kò bá ní tó, ẹ ra 16GB láti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ti àwọ̀ wúrà tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ rárá.

Èyí tó ṣòro jù ni àbùkù tí kò tíì fojú hàn. Lọ́jọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2015, Apple kéde MacBook oní-íńṣì 12. Mìlímítà 13.1 ni sísanra rẹ̀, kò wọ̀n tó kílò kan, kò ní fáànù, dọ́là 1,299 ni owó rẹ̀. Ihò USB-C kan ṣoṣo ló wà fún ṣájà àti fún ohun gbogbo. Ihò kan yìí ni gbogbo ayé dojú kọ: báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa ṣájì kó sì tún ki fíláàṣì bọ̀ ọ́? Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ hub náà ló máa yanjú rẹ̀. Ti kíbọ́ọ̀dù, ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wí ni pé àwọn bọ́tìnì rẹ̀ ò rìn jìnnà tí èèyàn bá tẹ̀ wọ́n, pé ó dà bí ẹni ń tẹ tábìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ bó-ṣe-wù-mí. Kíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an ló wá di wàhálà. Eruku díẹ̀ ló máa kó sábẹ́ bọ́tìnì, bọ́tìnì á há, tàbí kó máa kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, Apple gbé ètò kan kalẹ̀ láti máa bá àwọn tó ra irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, títí di ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ra ẹ̀rọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí irú bọ́tìnì àtijọ́, láti orí MacBook Pro oní-íńṣì 16. Ní 2022, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 50 láti fi parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bó ṣe rí nígbà tí ọ̀kan bá dé iwájú mi. Màá rọra fi irin pẹlẹbẹ ṣí orí bọ́tìnì náà. Abẹ́ rẹ̀, apá ráńpẹ́ méjì bí ìyẹ́ labalábá ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé tí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ọ̀kan á kán. Lábẹ́ ìyẹ́ yẹn lẹ máa rí ohun tó fa gbogbo rẹ̀: iyanrìn ọyẹ́ kan, tàbí èérún búrẹ́dì. Tí fífẹ́ atẹ́gùn sí i ò bá mú un jáde, ọ̀rọ̀ di ńlá nìyẹn, torí kíbọ́ọ̀dù yẹn kì í dá yọ. Lára àwọn MacBook Pro tó ní irú rẹ̀, wọ́n ti kàn án mọ́ páànù òkè ẹ̀rọ, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ páànù kan náà. Torí bọ́tìnì kan, gbogbo rẹ̀ lèèyàn máa pààrọ̀. Ohun tí wọ́n fi ra fífẹ́lẹ́ nìyẹn, àwa tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku bá nínú ilé la sì ń san án jù.

Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ máa fetí sí àròyé tí kò lágbára, tó jẹ mọ́ ohun tí ọwọ́ ń fọwọ́ kàn: bọ́tìnì, ìdè tó so ojú ẹ̀rọ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ (hinge), ibi tí ìka ń rìn lé. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dá láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè fẹ́lẹ́ sí i, ẹ má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa rà á. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kẹ́ ẹ tún wo ohun tí àwọn iFixit bá sọ. Àwọn yẹn máa ń tú ẹ̀rọ tuntun palẹ̀, wọ́n á sì fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá lórí bó ṣe rọrùn tó láti tún ṣe. MacBook 2015 yẹn, máàkì kan péré ló gbà. Àwọn tó ka ìyẹn lọ́jọ́ náà ti rí ìdajì ohun tí mo ń sọ yìí.

Ohun kejì: ẹ béèrè iṣẹ́ tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ṣe. Nígbà tí MacBook Air oní-M2 (orúkọ ṣíìpù tó wà nínú rẹ̀; M1 ló ṣáájú rẹ̀) jáde ní 2022, tí sísanra rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 11.3, àwọn tó ń gé fídíò ráhùn pé èyí tó ní 256GB ń falẹ̀ ju ti M1 lọ tó bá kan kíkọ fáìlì ńlá, pé ó sì ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bá gbóná, torí kò ní fáànù. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, tàbí akọ̀wé tó ń ṣí Excel, kò ní mọ̀ ọ́n lára láéláé. Ẹ tún wo Dell XPS 13 ti 2015: wọ́n dín etí ojú rẹ̀ kù gan-an, kò wá sáyè fún kámẹ́rà lókè, wọ́n gbé e sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, ihò imú yín ni àwọn ẹlòmíì máa rí. Ẹni tí kì í ṣe ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní bìkítà. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láti ilé máa gbé ìtìjú yẹn lójoojúmọ́. Ọdún 2019 ni Dell tó gbé kámẹ́rà padà sókè.

Àròyé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní tirẹ̀ kì í tètè kú. Lọ́dún 2016, wọ́n yọ ihò HDMI àti ti káàdì SD kúrò lára MacBook Pro. Àwọn oníyàwòrán ò dákẹ́. Ní 2021, ihò méjèèjì padà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń ya fọ́tò òde ìnáwó, tí káàdì SD ń wọlé tó ń jáde ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ohùn àwọn oníyàwòrán ni kẹ́ ẹ gbọ́, kì í ṣe ti ẹni tó ń yin ẹ̀rọ pé ó rọra wọ báàgì.

Ẹ wá fi àsìkò sí i. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹwà àti owó ni wọ́n ń sọ. Tó bá di oṣù kan tàbí méjì, ẹ máa gbọ́ ti ooru àti bí bátìrì ṣe ń pẹ́ sí. Ọdún kan sí méjì ló tó kan ìdè tó ń ya, bọ́tìnì tó ń há, bátìrì tó ń wú. Àwa tí tòkunbọ̀ là ń rà, àǹfààní ńlá nìyí fún wa, n kò sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ kì í fi í lò ó: kí láptọ́ọ̀pù yẹn tó ti London tàbí Amẹ́ríkà dé Ìkẹjà, ọdún tó ń tú àṣírí ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọdún rẹ̀ sínú Google, kẹ́ ẹ fi "hinge" tàbí "swollen battery" tàbí "keyboard" tì í, kẹ́ ẹ wá ka ohun tí wọ́n kọ ní ọdún kejì àti ìkẹta. Ẹ fi ti ọjọ́ ìkéde sílẹ̀.

N kò kórìíra láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o. Nílùú tí iná ìjọba kì í dúró, mo fẹ́ràn èyí tó ń fi USB-C ṣájì, torí pé iná tó ń jẹ kéré, power bank tó lágbára lè gbé e, kò sì ní da inverter yín láàmú. Ẹni tó ń wọ BRT lójoojúmọ́ á mọ ìyàtọ̀ kílò kan àti kílò méjì léjìká.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé e sórí gíláàsì tó tẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ń mì, bátìrì lè ti wú lábẹ́. Ẹ tẹ ibi tí ìka ń rìn lé; tó bá le tàbí tó yọ sókè, àmì kan náà ni. Ẹ ṣí ojú rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ rọra pa á dé, kẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí ìdè rẹ̀. Ẹ ṣí Notepad, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó gùn ní ìsàlẹ̀ àti Enter. Ẹ gbé fídíò sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan òkè kíbọ́ọ̀dù.

Fún bátìrì, tó bá jẹ́ Windows, ẹ ṣí Command Prompt kẹ́ ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kẹ́ ẹ wá ṣí fáìlì tó bá sọ pé òun kọ. Ẹ fi iye tó wà níwájú Full Charge Capacity wé ti Design Capacity. Tí èkíní ò bá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èkejì, owó bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ jáde nínú owó tẹ́ ẹ máa san. Tó bá jẹ́ MacBook, ẹ wọ System Information, ẹ wọ Power, ẹ wo Cycle Count, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ti lo odindi agbára bátìrì náà. 1,000 ni Apple kà pé bátìrì lè dé kó tó gbó, fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó jáde láti 2010 síwájú. Ẹ rí i dájú pé orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti kúrò ní iCloud, àkáǹtì Apple tó lè ti ẹ̀rọ pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tiyín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún òǹtajà pé kó kọ iye RAM, iye SSD, nọ́ńbà ìdí ẹ̀rọ àti iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà sórí rìsíìtì, kó sì fọwọ́ sí i lójú yín.