Àṣìṣe tí olórin àdáṣe sábà máa ń ṣe bó bá fẹ́ kó báńdì jọ

Kò ṣòro mọ́ lóde òní kí ẹnì kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kó ta gìtá, kó lu ìlù, kó kọrin, kó sì fi kọ̀ǹpútà to gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwo orin rọ́ọ̀kì. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè é pé kó wá ṣeré ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Gìtá mẹ́rin ló wà nínú orin, ọwọ́ méjì ló ní. Dandan ni kó wá èèyàn kún ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Èyí tó burú jù ni pé kí o kó èèyàn jọ, kí o wá máa lò wọ́n bí ẹni ń tẹ bọ́tìnnì. Dave Grohl, tó ti lùlù fún báńdì Nirvana, ló dá gba àwo àkọ́kọ́ Foo Fighters, báńdì tirẹ̀, sílẹ̀ nítòsí Seattle ní oṣù kẹwàá ọdún 1994. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣe é. Yàtọ̀ sí gìtá tí Greg Dulli bá a ta nínú orin kan, òun nìkan ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó tó àkókò àtijáde, ó mú Nate Mendel sídìí béèsì, William Goldsmith sídìí ìlù, Pat Smear sì ń bá a ta gìtá. Wọ́n ṣeré káàkiri, ó dùn. Ó wá kan àwo kejì. Goldsmith lu tirẹ̀ tán, kò tẹ́ Grohl lọ́rùn, Grohl bá jókòó sídìí ìlù fúnra rẹ̀ ní Los Angeles, ó ń tún un lù, Goldsmith ò sì sí níbẹ̀. Grohl ṣì fẹ́ kó máa bá àwọn rìnrìn àjò o, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Taylor Hawkins ni wọ́n mú dípò rẹ̀.

Àwo náà jáde ní 1997, ó dára gan-an, n ò ní purọ́. Ìlù Grohl náà dáa. Ṣùgbọ́n iyì wo ló kù fún onílù tí wọ́n ní kó máa wá sín ìlù ọ̀gá rẹ̀ jẹ lójú èrò lálaalẹ́? Bó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo fẹ́ máa gba àwo sílẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀, sáà sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Kevin Parker ṣe ń ṣe Tame Impala, iṣẹ́ orin tirẹ̀, láti Perth ní Ọsirélíà: òun ló ni inú sítúdíò, báńdì ló ni orí ìtàgé. Ẹni tó bá bá a lọ ti mọ ohun tó ń bá lọ.

Má sì torí pé ẹnì kan mọṣẹ́ jù ní àdúgbò kí o sáré mú un. Justin Vernon dá gba àwo àkọ́kọ́ Bon Iver, orúkọ tó fi ń kọrin, sílẹ̀ nínú ahéré bàbá rẹ̀ ní Wisconsin, nígbà òtútù 2006 sí 2007. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, Sean Carey wá bá a, ó ti fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn orin náà, ìlù àti ohùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí o máa wá. Ẹni tó fẹ́ràn orin rẹ á mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́.

Àṣìṣe mìíràn ni pé kí o fẹ́ kí orí ìtàgé dún gẹ́lẹ́ bí àwo. Wo orin tí o kọ lóru, tí o ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ sétí máìkì kí àwọn ará ilé má bàa jí. Onílù dé, ó na páànù ìlù rẹ̀ gbàà! Wọn ò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ á gbé ohùn rẹ sókè, máìkì á máa gbé páànù yẹn náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Kò sí bọ́tìnnì tó lè tún ìyẹn ṣe. Orin gan-an ni kí o gbé sókè: fi kápò, ohun tí wọ́n fi ń há okùn gìtá mọ́lẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ga sí i, sí fúrẹ́ẹ̀tì (ìlà irin ọrùn gìtá) kejì tàbí ìkẹta, kí ohùn rẹ lè ríbi ké. Kí onílù sì máa fi gbogbo agbára rẹ̀ lùlù nígbà ìdánrawò tí ẹ bá ń dán an wò, torí bí yóò ṣe lù níwájú èrò nìyẹn. Ní ti gìtá mẹ́rin yẹn, mú èyí tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní dá orin náà mọ̀ mọ́. Jẹ́ kí ìyókù lọ. Àwọn kan ń kó ìyókù sínú lápùtọ́ọ̀pù kó máa bá wọn ṣeré lọ, onílù á wá di ẹrú aago tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ létí rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Tí o bá jẹ́ ìwọ nìkan nínú yàrá, o lè fa orin olórin já sínú tìrẹ, kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́. Bí iṣẹ́ bá ti ní báńdì àti iléeṣẹ́ agbórinjáde lẹ́yìn, wọ́n á bi ọ́. Will Toledo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin tó pè ní Car Seat Headrest lóun nìkan ní 2010, inú ọkọ̀ ló ti máa ń kọrin sí máìkì kó lè rí àyè ara rẹ̀. Ní 2016, nígbà tí àwo tó fi báńdì ṣe fún iléeṣẹ́ agbórinjáde Matador ku díẹ̀ kó jáde, Ric Ocasek ti báńdì The Cars ní òun ò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo orin òun nínú ọ̀kan lára àwọn orin inú àwo náà. Wọ́n ti tẹ àwo náà tán. Wọ́n kó o padà, wọ́n bà á jẹ́, Toledo sì ní láti tún orin náà ṣe.

Láàárín ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣeré àkọ́kọ́: ṣé owó iṣẹ́ lo máa ń san fún wọn ni, àbí ẹ máa pín in; ta ló ń san owó epo ọkọ̀; bí oníbéèsì bá sì hùmọ̀ ohùn orin kan nígbà ìdánrawò tó wá wọ inú àwo, èló ni ìpín rẹ̀.