Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Dìde Rìn: Ìtọ́jú Aláìsàn Ọkàn Lẹ́yìn Ọsibítù

Ìdílé tó bá gbé aláìsàn ọkàn bọ̀ láti ọsibítù sábà máa ń ṣe nǹkan kan náà. Wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un nínú yàrá tó tutù jù nínú ilé, wọ́n á kó ìrọ̀rí jọ sí i, wọ́n á sì kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé Bàbá ò gbọdọ̀ gbé ife omi pàápàá. Bó bá fẹ́ dìde, èèyàn mẹ́ta á sáré dì í mú. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú ara, n'Ìbàdàn, tí mo ń lọ bá àwọn aláìsàn nílé wọn, ìfẹ́ yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń bá jà kí n tó kan àìsàn. Ẹni tó ń dùbúlẹ̀ ṣáá, iṣan ara rẹ̀ á máa joro, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, ìgbà tó bá sì wá dìde, ìrìn díẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá fún ọkàn rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nígbà kan, àwọn dókítà òyìnbó náà máa ń fi ẹni tí àrùn ọkàn bá kọlù lójijì sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Ọdún 1952 ni Samuel Levine àti Bernard Lown ní Boston kọ̀wé pé àga làwọn ń gbé aláìsàn tiwọn jókòó sí, kò sì pa wọ́n lára. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lónìí, ìdárayá tá a fi òṣùwọ̀n sí wà lára ìtọ́jú, bí òògùn ṣe wà lára rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè, kẹ́ ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló ṣe ọkàn yìí gan-an? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti lò ó gbó, tí kò fi lè fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́? (Èyí ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa.) Ṣé òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dí ni, àbí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe? Omi mélòó ni kó máa mu lójúmọ́? Ṣé ó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn? Ẹni tó ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, tí àyà ń dùn láìṣe nǹkan kan, tàbí tí ibà ń ṣe, kò gbọdọ̀ ṣe ìdárayá kankan lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá kọjá 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, dókítà ló kàn, kì í ṣe ìrìn.

Ìrìn ni oògùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún wọn. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó. Bàbá kan wà ní Mọ́kọ́lá tó wa ọkọ̀ táńkà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mo fa téèpù láti géètì rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kànga, mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jẹ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀, mo gbé àga kan sí agbedeméjì, mo sì ní kí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú fóònù tó ń ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Bí ara bá gbà á, ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, títí tẹ́ ẹ ó fi dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó lè tó oṣù méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ má sáré.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù? Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ ka bí ọkàn ṣe ń lù lọ́rùn ọwọ́, àmọ́ òògùn ọkàn bíi carvedilol àti bisoprolol kì í jẹ́ kí ọkàn lù kíákíá, nítorí náà iye yẹn lè tàn yín. Orin ni mo máa ń lò. Bàbá táńkà yìí wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, orin ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń rìn tó sì lè kọrin láti orí dé ìdí, kó yára díẹ̀ sí i. Bó bá lè bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ àmọ́ tí orin ń já mọ́ ọn lẹ́nu, ibẹ̀ gan-an la fẹ́. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ló lè sọ kó tó mí, kó fà á sẹ́yìn. Mùsùlùmí a lè máa fi Fátíà dán an wò. Mi ò rí ìyàtọ̀.

Ẹ má ta gìrì dìde, ẹ má sì dúró gbagidi. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ọ̀nà bá ti ń gùn, kẹ́ ẹ sì fi ìrìn jẹ́jẹ́ parí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró lójijì lè dákú. Àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló dára, kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn tó bá ti rọlẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà tán, kó sinmi bíi wákàtí kan. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá gba ìta, ẹ máa rìn nínú pálọ̀.

Ẹ mú un jókòó lójú ẹsẹ̀ bí àyà bá ń fún un, bí ìrora bá ń lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, bí òógùn tútù bá bò ó, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ. Bí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ọsibítù ni. Ẹ má fi omi gbígbóná pa á láyà, ẹ má sì dúró de àbúrò kan tó ní mọ́tò láti Ọ̀yọ́. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ní ọkọ̀ ládùúgbò kí ọjọ́ náà tó dé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó fi dídìde lórí àga kún un: àga tó fẹ̀yìn ti ògiri, kó dìde, kó jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó máa mí jáde bó ṣe ń dìde. Kó má di èémí mọ́nú rárá, títí kan ilé ìgbẹ́. Ẹni tí wọ́n la egungun àyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ gún iyán, kò gbọdọ̀ pọn omi, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde fún bí oṣù mẹ́ta, kí egungun lè jinná. Bó bá fẹ́ húkọ́, kó di ìrọ̀rí mọ́ àyà.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìrun náà ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa. Òògùn ọkàn ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ẹni tó bá sì ń tẹ̀ balẹ̀ tó tún ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì á kọ́ ọ. Kó kírun lórí àga, ẹ̀sìn gbà á láyè. Ẹni tó bá ń bínú pé kò dọ̀bálẹ̀ fún òun, ẹ fi í lé mi lọ́wọ́.

Ẹ ra òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn lé. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tán, kó tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ kan náà, kó gùn ún, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Bó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń jọ sí i lára, ẹ pe dókítà kó tó di pé ó ń mí gúlegúle lálẹ́. Àwọn aládùúgbò a máa kí wa pé Bàbá ti ń sanra. Ẹ tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojúgun rẹ̀: bí ibẹ̀ bá jìn wọlé tí kò tètè padà, kì í ṣe sísanra. Ẹ tún máa ka ìrọ̀rí. Ẹni tó ń sùn lórí méjì tẹ́lẹ̀ tó wá ń fẹ́ mẹ́rin ti ń sọ nǹkan fún yín.

Iyọ̀ ò ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sì ni. Magí wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì àti indomie wà nínú rẹ̀, káún tí ẹ ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà náà wà nínú rẹ̀, torí ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀ tó ń fa omi sára ló wà nínú káún. Irú tí kò níyọ̀, ata, àlùbọ́sà àti efinrin lè gbé ọbẹ̀. Bí dókítà bá ní kó má mu ju lítà kan àtààbọ̀, píọ̀ wọ́tà mẹ́ta oní-50cl nìyẹn, ẹ̀kọ mímu àti omi gààrí sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òògùn ò gùn. Lasix máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá kan fi ń fò ó lọ́jọ́ Sunday. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè lò ó lẹ́yìn ìsìn, ẹ má fò ó. Ikọ́ gbígbẹ lè tìdí lisinopril, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wá. Dókítà ló ń pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ibuprofen àti diclofenac tí oníkẹ́míìsì ń tà fún orúnkún ń mú omi dúró sára. Bẹ́ ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ.

Àwọn tọkọtaya kì í fẹ́ bi mí, nítorí náà mo máa ń sọ ọ́ fúnra mi: ẹni tó bá lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìsí ìrora àyà lè padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Kó má lo òògùn akọ (bíi Viagra) bó bá ń lo nitrate, ìyẹn òògùn ìrora àyà, ó lè pa á.

Àwọn tó ń wá kí i kú ewu, ẹ fún wọn ní àkókò. Ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe àsìkò ìrìn, wákàtí kan péré. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dúró pẹ́, ẹ ní kó bá Bàbá rìn dé kànga.

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà ńkọ́? Nígbà tí mo bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá tán, ìyàwó rẹ̀ ni mo máa ń ní kó na apá. Obìnrin tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tó ń se ọbẹ̀ méjì, tó sì ń gbàgbé òògùn tirẹ̀, òun náà lè ṣubú lulẹ̀. Ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí ní London tó ń fowó ránṣẹ́, kó yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tí yóò máa wá sùn ti Bàbá lálẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ìyá lè sùn.